Bóòtì Kì Í Ṣe Ìṣó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti àwọn òbí wọn sọ nìyí, níbi ìgbòmìnira ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ní Ìkòròdú. Mo ti yọ àwàdà bíi mélòó kan kúrò, mo sì fi ohun tí mo gbàgbé lọ́jọ́ náà kún un.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá àwọn ọmọ tó ń gbòmìnira lónìí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìyànjú. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú púpọ̀ níbi irú ayẹyẹ báyìí: ẹ má jalè, ẹ má fi ọkọ̀ oníbàárà gbé ọmọge kiri, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Gbogbo rẹ̀ ló dára, bàbá àlùfáà sì ti sọ ọ́ láàárọ̀. Ní tèmi, bóòtì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọmọ kan ló fa ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣágámù, àwọn sójà dá wa dúró, wọ́n wo bùútù, wọ́n ní ká máa lọ. Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí ìbọn ọwọ́ sójà yẹn? Irin kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n gé e dagun bí ẹnu gègé ìkọ̀wé. Ti ẹnìkejì ẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ibì kan náà sì ni méjèèjì kọjú sí. Ṣé kì í ṣe tẹ́ẹ̀dì, ìlà yíyípo bíi ti ara bóòtì, ni wọ́n fi wé e mọ́ ọn ni? Ta ló wá sọ fún tẹ́ẹ̀dì pé ibẹ̀ ni kó ti dúró?"

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rántí ìbéèrè tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn á bi mí pé èló ni sójà ń gbà lóṣù. Mo ní kó ní sùúrù, pé lójú gbogbo yín ni n ó ti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ká tó dé ẹnu ìbọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń de nọ́ọ̀tì.

Púpọ̀ nínú wa, bí ìṣó la ṣe ń wo bóòtì. Ìṣó, bí o bá ṣe gbá a tó ni yóò ṣe wọlé tó, bó bá sì ti wọlé tán, ó parí. Bóòtì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ti kan ojú irin tí o sì tún ń yí i, kò níbi tó ń lọ mọ́. Nínà ló ń nà. Ó ń nà bíi rọ́bà kànnàkànnà, àfi pé ti irin kò hàn sí ojú. Bó ṣe ń nà ló ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà, akitiyan àtipadà yẹn ló sì fún nǹkan méjèèjì pọ̀. Kànnàkànnà tí a kò fà kò lè ta òkúta. Èyí tí a fà jù á já. Èyí tó wá burú jù ni èyí tí kò já ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ti tán. Ẹ mọ rọ́bà ṣòkòtò tó ti gbó: ó ṣì wà nínú ṣòkòtò, àmọ́ kò di nǹkan kan mú mọ́, ọwọ́ ni ẹ fi ń di ṣòkòtò mú títí ẹ ó fi délé. Bóòtì tí ẹ bá fà kọjá ààlà máa ń dà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa wò ó lójú pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ ò ní láti lọ jìnnà láti rí ẹ̀rí. Ẹ̀gbin, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, wà lápá Ìjẹ̀dẹ̀ níbí, tọ́báìnì mẹ́fà ni, mẹ́gáwáàtì 220 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Ooru omi gbígbóná ló ń yí wọn. Nínú irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀, àwọn bóòtì tó di ìkarahun tọ́báìnì pọ̀ lọ́nà tí apá ènìyàn kì í fi ká wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ni pé wọ́n á lu ihò sí àárín bóòtì, wọ́n á ki irin tó ń gbóná bọ inú rẹ̀, bóòtì á gbóná, á gùn sí i. Wọ́n á wá yí nọ́ọ̀tì dé ibi tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀, láìlo agbára tó le. Bí bóòtì bá ti tutù, ó sún kì, ó di ìkarahun náà mú gírígírí. Sípánà kò ṣe ju kó sún nọ́ọ̀tì dé ibẹ̀ lọ. Nínà ló ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Àwa tí a kì í fi iná na bóòtì, sípánà la fi ń nà án. Wàhálà ibẹ̀ ni pé sípánà kì í sọ òótọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fún ọmọ ní 100 náírà pé kó lọ ra nǹkan ní Sábó. Ó ná 50 lójú ọ̀nà, ó tún fi 40 ra nǹkan jẹ, 10 péré ló dé ọjà. Bí agbára ọwọ́ yín ṣe ń lọ nìyẹn. Nǹkan bí ìdajì ń parun lábẹ́ orí nọ́ọ̀tì, níbi tó ti ń fi ara ha irin. Nǹkan bíi 40 nínú 100 ń parun lára tẹ́ẹ̀dì. Nǹkan bíi 10 tó ṣẹ́kù ló ń na bóòtì. Ìdí nìyí tí ìpáta fi burú. Tẹ́ẹ̀dì tó ti dógùn-ún á gba 60 lójú ọ̀nà, owó ò ní dé ọjà rárá. Ẹ ó gbọ́ tí sípánà dún pé ìwọ̀n ti pé, bóòtì kò sì nà. Òdì rẹ̀ ni òróró. Bí ẹ bá fi òróró pa tẹ́ẹ̀dì tí ìwé ní kó gbẹ, ìnáwó ojú ọ̀nà á dín kù, owó tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò lọ á dé ọjà. Agbára kan náà lè wá na bóòtì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà mìíràn ó tún lè jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó gbẹ, ẹ nù ún kó gbẹ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ta òróró sí i, ẹ ta á.

Orí sìlíńdà tó wà lórí tábìlì yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wò ó. Ìbátan rẹ̀ ló bà mí lórúkọ jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́. Dánfó Volkswagen kan tó ń ná Ìkòròdú sí Máìlì 12 ni. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ṣe mẹ́ta. Ti ìkẹrin, mo rò pé kò tíì le tó, mo wá páìpù kan fi gùn ún. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì gbóná, álúmíníọ̀mù sì ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó le. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó rọ̀.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ rírọ̀ yẹn. Ó máa ń dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn wá àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde, tẹ́ẹ̀dì álúmíníọ̀mù bá pọ́lọ́ọ̀gì jáde, ó wé mọ́ ọn lára bí ọ̀já. Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò lù mí. Ó kàn gbé pọ́lọ́ọ̀gì náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi sínú àpò ṣòkòtò mi, kí n má yọ ọ́ títí ọdún á fi parí. Mo ṣì ní in nílé.

Pọ́lọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ jẹ́ 14 mílímítà, nǹkan bíi niutọ́nì-mítà 25 ló ń fẹ́. Niutọ́nì-mítà yìí, tí wọ́n ń kọ ní Nm, òun ni òṣùwọ̀n tí ẹ ó rí lára sípánà tọ́kì, sípánà tó máa ń dún bí agbára bá ti pé iye tí ẹ fi sí i. Kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n: bí apá sípánà yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, agbára tí ẹ ó fi fà á kò ju èyí tí ẹ fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 lọ. Kẹ́ẹ̀gì kan péré! Ìyá tó ń ponmi nílé lè de pọ́lọ́ọ̀gì ju àwa tí a fi àyà gbá sípánà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo pọ́lọ́ọ̀gì náà dáadáa. Wọ́ṣà kan wà lọ́rùn rẹ̀, kò le bí àwọn wọ́ṣà mìíràn, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ fi ọwọ́ lásán wé pọ́lọ́ọ̀gì wọlé títí tí yóò fi kan ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi sípánà yí i ní ìdajì yíyí, tàbí kó lé díẹ̀ báyìí. Nínú ìdajì yíyí yẹn, wọ́ṣà ń tẹ̀, ó ń pẹlẹbẹ, ó ń kún gbogbo àlàfo. Ó ti kú nìyẹn. Wọ́ṣà tó ti tẹ̀ kì í jí. Bí ẹ bá tú pọ́lọ́ọ̀gì náà tí ẹ fẹ́ dá a padà, ìdajì yíyí ti pọ̀ jù fún un nígbà yẹn, díẹ̀ báyìí ló kù kó le. Àwọn pọ́lọ́ọ̀gì kan sì wà tí kò ní wọ́ṣà rárá, tí ọrùn wọn rí bí ẹnu àrọ: tiwọn kò ju ìdá kan nínú 16 yíyí lọ lẹ́yìn tó bá ti kàn. Ẹni tó fún un ní ìdajì yíyí ti ra wàhálà. Wọ́ṣà ìdí táńkì òróró ẹ́ńjìnnì náà, ìwà kan náà ló ń hù, álúmíníọ̀mù ni tàbí bàbà.

Ó yá, ìwọ ọmọ yìí, sún mọ́ bí. Ìdáhùn rẹ dé.

Èyí tí o rí lọ́wọ́ sójà, tó gé dagun, ẹnu AKM ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ìbọn tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 1959. Bí ìbọn bá ń yìn léraléra, ẹnu rẹ̀ máa ń fẹ́ gbéra, á sì máa yà sí ọ̀tún. Irin dídagun yẹn ń darí èéfín sí òkè àti sí ọ̀tún, èéfín á sì ti ẹnu ìbọn padà sísàlẹ̀ sápá òsì. Tó bá wá kọjú sí ibòmíràn, á máa ti ìbọn sí ibi tí kò yẹ. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbi kan pàtó. Kí ni wọ́n wá fi dá a dúró? Kì í ṣe tọ́kì, ìyẹn agbára tí a fi ń yí nǹkan. Tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 14 mílímítà, yíyí kan sì ń gbé e lọ ní mílímítà 1. Tẹ́ẹ̀dì òsì ni, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí a ń gbà tú nǹkan ni wọ́n ń gbà dè é. Wọ́n á yí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn, wọ́n á wá dá a padà díẹ̀ títí píìnì kékeré kan tó ní sípíríìnì lẹ́yìn á fi bọ́ sínú ojú kan tí wọ́n gé sí ìdí rẹ̀. Ó parí. Bí o bá dì í mú, ó tiẹ̀ lè mì díẹ̀. Píìnì ló sọ fún tẹ́ẹ̀dì pé ibẹ̀ ni kó ti dúró.

Àwọn Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, èyí ló sì bá iṣẹ́ tiwa mu jù. Ohun tó wà lẹ́nu ìbọn M16 wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọ́n iná ẹnu ìbọn ká kó má fọ́ sójà lójú lóru. Ti àkọ́kọ́ ní ìka mẹ́ta tí ẹnu wọn ṣí, ó sì máa ń họ igbó nígbà ogun Vietnam, torí náà wọ́n pa ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó wá rí bí àgò ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é lédè wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ti M16A2, ẹ̀dà rẹ̀ tó dé lẹ́yìn, wọ́n tún dí àwọn ojú rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, kí èéfín má baà máa gbé eruku sókè níwájú sójà tó dojúbolẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé: bí ibi tí wọ́n dí bá yí sí ẹ̀gbẹ́, àǹfààní rẹ̀ ti lọ. Kò sì ní píìnì.

Ẹ bá mi ṣírò. Tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì, ó sì ní ojú 28 nínú íńṣì kan. Yíyí kan gbáko ń gbé e lọ ní nǹkan bíi 0.9 mílímítà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ wé e títí tó fi kàn, tó sì kù ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kó kọjú síbi tó yẹ, ohun tó kù láti jẹ kò ju 0.23 mílímítà, ìyẹn bí ewé ìwé àkọsílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ tò lé ara wọn. Ta ló máa jẹ ewé méjì yẹn? Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní kí agbára jẹ ẹ́, á gun sípánà. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́ṣà jẹ ẹ́. Wọ́ṣà tó ń tẹ̀ bíi ti pọ́lọ́ọ̀gì ni wọ́n ń fi sí àárín, á máa tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i, á sì le bó ṣe ń dé ibi tó yẹ. Irú kejì ni wọ́ṣà tí wọ́n tò ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Bí irin náà kò bá tíì dé ibi tó yẹ kó kọjú sí, wọ́n á ṣí ìpele kan kúrò, á ráyè lọ síwájú díẹ̀ sí i. Tó bá sì kọjá ibi tó yẹ, wọn kì í dá a padà. Wọ́ṣà tó ti tẹ̀ ti kú, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Tuntun ni wọ́n ń fi sí i.

Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ìwọ̀n rẹ̀. Nǹkan tó ń jẹ iná bẹ́ẹ̀, niutọ́nì-mítà 20 sí 27 ni ìwọ̀n tí wọ́n fún ti M16 yẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti pọ́lọ́ọ̀gì Corolla lọ. Ìdí kan ni pé tẹ́ẹ̀dì ẹnu ìbọn tínrín, torí ihò tí ọta ń gbà kọjá ti jẹ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi páìpù gùn ún yóò na ẹnu ìbọn bí ẹni na rọ́bà ṣòkòtò.

Ẹ máà wò mí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin òbí. N kò rán ọmọ kankan pé kó lọ máa tọwọ́ bọ ìbọn. Òfin ìbọn wa ti 1959 ka irú ìbọn ológun bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún aráàlú, ṣakabùlà tí àwọn bàbá ọdẹ wa ń gbé pàápàá, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń gbé e. Ọgbọ́n wọ́ṣà ni mo fẹ́ kí ẹ jí gbé, kẹ́ ẹ fi ìbọn sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ẹ ó sì nílò ọgbọ́n náà, torí iṣẹ́ ń bẹ ní Ìpàkodò tó fara jọ ọ́. Ẹ lọ sí èbúté, ẹ wo ìdí àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Nọ́ọ̀tì tó di pùròpẹ́là mú, nọ́ọ̀tì aládé ni, orí rẹ̀ là ní ojú mẹ́fà bí adé. (Kì í ṣe irú adé Ayangbúrẹn o, kábíyèsí ẹ má bínú.) Ihò wà nínú ọ̀pá, píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sì gbọ́dọ̀ gba ojú adé kọjá sínú ihò yẹn, kí ẹ tó la ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbọ́dọ̀ le, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú síbi tó yẹ. Kí lẹ ó ṣe bí ìwọ̀n bá ti pé tí ojú adé kò sì bá ihò mu?

Iwájú lẹ ó lọ, dé ojú tó kàn. Ẹ kì í dá a padà sẹ́yìn láéláé kí píìnì lè wọlé. Mo mọ awakọ̀ ojú omi kan tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dá a padà. Ọmọ náà tún ṣe kún un: kò rí píìnì, ó fi wáyà dí i. Wọ́n gbéra ní Ìpàkodò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ kún. Àárín ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíìì, bí ẹni pé kò sẹ́rù lórí ẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, pùròpẹ́là ti lọ bá yemọja. Koríko ojú omi ló gbé wọn títí ọkọ̀ mìíràn fi wá fà wọ́n. Kò sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni. Awakọ̀ náà ní ìyá kan gbàdúrà lé òun lórí débi pé òun ò mọ̀ bóyá ìre ni tàbí èpè.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: bẹ́ẹ̀ ni, bíárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ onírólà dídagun, òun la máa ń dè tí a sì ń dá padà, torí òun kò gbọ́dọ̀ fún. Òun yàtọ̀. Ẹ má fi tirẹ̀ ṣe àwáwí fún tàwọn yòókù.

Tẹ́ẹ̀dì òsì tí mo mẹ́nu bà ńkọ́? Ó pọ̀ nílé yín. Ẹ wo fáànù onídùúró, irin tó di abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú, òsì ni. Pẹ́dà kẹ̀kẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin jórinjórin, gáàsì asẹ́tílíìnì yín, òsì ni tẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n sì gé àmì sí etí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ti ọ́síjìn ni ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má baà so èyí mọ́ ìyẹn. Bí nǹkan kò bá tú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ọ̀tún ni àbí ọmọ òsì kẹ́ ẹ tó wá páìpù.

Páìpù! Àwọn ọ̀rẹ́ wa fọkanáísà, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ Corolla, niutọ́nì-mítà 103 ni Toyota kọ fún un. Bí ọkùnrin tó wọn kílò 75 bá gun orí páìpù tó gùn ní mítà kan, 735 ló fún un. Ìlọ́po méje! Obìnrin tí táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa jẹ gbèsè rẹ̀, nígbà tí sípánà kékeré inú bùútù rẹ̀ kò ní lè tú u. Ẹ fi ọwọ́ wé gbogbo wọn kàn, kẹ́ ẹ máa dè wọ́n ní ọ̀kánkán ara wọn, ẹ má yípo bí aago.

Ní ti sípánà tọ́kì fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ibi ìdìmú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dì í mú, ẹ má fi páìpù gùn ún, ẹ má fi tú nǹkan. Bó bá ti dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró; ẹni tó ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ń fi kún un ni. Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́, kí sípíríìnì inú rẹ̀ lè sinmi. Kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ń kà. Púpọ̀ nínú wọn ní ìlà méjì, ọ̀kan fún Nm, ìkejì fún ti àwọn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ ní ft-lb, ọ̀kan nínú èyí sì ju ọ̀kan nínú ti wa lọ: 1.356 ni. Bóòtì ìdí táńkì òróró Corolla kan, 37 Nm ni. Èmi fúnra mi ti fi 37 sí ẹ̀gbẹ́ òdì rí, mo sì ń fi ẹnu súfèé. 50 ni mo fún un láìmọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òróró náà la mọ̀.

Ẹ́ńjìnnì 1ZZ inú Corolla 2003 sí 2008, tí gbogbo yín ń ṣí lójoojúmọ́, bóòtì 10 ló di orí rẹ̀ mú. Àárín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìyá ṣe ń na aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí rírún má ṣẹ́kù sáàárín. 49 Nm fún gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sípánà tọ́kì sílẹ̀! Ẹ fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí. Ìdí rẹ̀ ni ọmọ tó ń náwó lójú ọ̀nà yẹn. Bí ìwọ̀n ṣe ń ga sí i ni irọ́ sípánà ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí ni, ìpáta kò lè jí i, òróró kò lè fi kún un. Ẹ fi ọ̀dà funfun kan orí bóòtì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kó kọjú síwájú. Nígbà tí ẹ bá parí, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí kò bá kọjú síbẹ̀, òun lẹ gbàgbé. Ẹ wò ó, a tún ti padà sí ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan kọjú sí.

Mo ní kí ọmọ tó bèèrè ọ̀rọ̀ náà wá dán an wò lójú gbogbo ènìyàn. Mo gbé pọ́lọ́ọ̀gì tuntun fún un, mo ní kó fi ọwọ́ wé e sínú orí sìlíńdà tó wà lórí tábìlì. Mo fi sípánà tọ́kì sí 25, lẹ́yìn tí mo ti wo ẹ̀gbẹ́ tí mo ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà á pẹ̀lẹ́. Wọ́ṣà ń tẹ̀, ẹ lè rí i ní ojú rẹ̀ pé ó ń gbọ́ ọ ní ọwọ́. Ó dún kọ́.

Ó wo ojú mi. "Ọ̀gá, ṣé bó ṣe mọ nìyẹn? Kò tíì le o."

Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Mo di sípánà náà mú, gbogbo àwọn ọ̀gá tó jókòó níwájú sì bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fi díẹ̀ kún un rí. Ìgbà yẹn ni ìrẹsì dé.